Wizards of the Coast àti Paizo: ta la ó máa náwó wa fún?

Ògbójú20 (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wa ní Sátidé tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tó ti pẹ́ nídìí géèmù yìí bá wa dá sí i.

Àwa márùn-ún la jọ máa ń ṣe Dungeons & Dragons. Géèmù orí tábìlì ni: ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba ipa ẹ̀dá kan nínú ìtàn tí a jọ ń sọ lẹ́nu, ìwé òfin àti dáìsì la fi ń pinnu ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Ìtàn tí a ń bá bọ̀ láti ọdún tó kọjá ti parí, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. DM wa, ìyẹn ẹni tó ń darí ìtàn, ní òun fẹ́ ra ìwé D&D tuntun tó jáde ní 2024. Mo ní èmi ò ná kọ́bọ̀ mọ́ lórí ohun tí Wizards of the Coast, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà, bá tẹ̀ jáde, kí a kúkú bọ́ sórí Pathfinder, géèmù ilé iṣẹ́ Paizo. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ẹnì kan ní oníṣòwò làwọn méjèèjì, pé mo kàn ń gbèjà ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ìdí mi rèé. Ní 2000, nígbà tí Wizards gbé ẹ̀dà kẹta D&D jáde, wọ́n kọ ìwé àṣẹ kan tí wọ́n pè ní Open Game License, OGL. Ìwé náà ní kí ẹnikẹ́ni mú egungun òfin géèmù yẹn, kó fi kọ ìwé tirẹ̀, kó tà á, láìsan nǹkan kan fún Wizards. Ó lé lógún ọdún táwọn èèyàn fi gbọ́kàn lé ọ̀rọ̀ yẹn, tí wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tó di oṣù kìíní 2023, ìwé àṣẹ tuntun kan, OGL 1.1, jò sí ọwọ́ àwọn oníròyìn. Ó fẹ́ sọ ti àtijọ́ di òkú. Ó tún ní kí ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ju 750,000 dọ́là lọ lọ́dún máa san 25% lórí ohun tó bá lé.

Bí ẹnì kan bá fún ọ ní ilẹ̀ ròkó, tó wò ọ́ níran títí o fi gbin kòkó, tí kòkó so tán tó wá ní òun fẹ́ gba ilẹ̀ òun, ṣé wàá tún padà lọ yá ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

ÌyáDáìsì (Lọ́ńdọ̀nù)

Ògbójú, ọmọ mi, o ṣeun tí o gbé e wá síbí. Àpèjúwe kòkó yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ ìjà tí ò ń sọ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ẹni tí ò ń pè ní ọ̀tá lónìí sì ti jẹ́ olùgbàlà rí. Mo wà níbẹ̀.

Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ TSR ṣì ni D&D. Àwọn ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974, ní Lake Geneva, ìpínlẹ̀ Wisconsin. Nígbà tí Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ D&D, kúrò lọ́dọ̀ wọn tó sì kọ géèmù mìíràn fún ilé iṣẹ́ míì ní 1992, kóòtù ni TSR bá a lọ. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, táwọn olólùfẹ́ géèmù ń gbé ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ síbẹ̀, TSR tún dojú kọ wọ́n. Ó burú débi pé àwọn èèyàn yọ S kúrò láàárín orúkọ wọn, wọ́n fi àmì dọ́là sí i: T$R. Gbèsè ló padà mu wọ́n lómi. Ní 1997, Wizards rà wọ́n. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ lọ́jọ́ náà, torí a rò pé D&D fẹ́ kú ni. Ẹni tó gbà á là nìyẹn, òun náà ló sì kọ OGL tí ò ń sunkún lé lórí. Hasbro ra Wizards ní 1999.

Paizo ńkọ́? Inú Wizards ni wọ́n ti jáde. Lisa Stevens tó dá a sílẹ̀ ní 2002 ti ṣiṣẹ́ ní Wizards rí, ìwé ìròyìn D&D méjì, *Dragon* àti *Dungeon*, ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń jẹun, pẹ̀lú àṣẹ Wizards. Ní 2007, Wizards gba ìwé ìròyìn méjèèjì padà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀dà kẹrin jáde pẹ̀lú ìwé àṣẹ míì, GSL, tó le koko, tí kò ṣeé bá ṣòwò. Kí ni Paizo fẹ́ ṣe? OGL àtijọ́ ṣì wà ńlẹ̀, wọ́n bá gbé òfin ẹ̀dà kẹta, wọ́n tún un ṣe, wọ́n pè é ní Pathfinder. Oṣù kẹjọ 2009 ló jáde. Láàárín 2011 sí 2014, ìgbà kan wà tí Pathfinder ń gbawájú D&D nínú àwọn géèmù tó ń tà jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ń ta ju ìyá lọ, òfin tí ìyá kọ ló sì fi ń tà!

Àwa olólùfẹ́ la sọ ọ́ di ogun. Tábìlì wa tó jẹ́ ẹni mẹ́fà fọ́ sí méjì ní 2008. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a ti jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì nítorí ẹ̀dà kẹrin. Mo fẹ́ kí o rántí ìyẹn kí o tó padà lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Sátidé.

Láńre_Houston

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Mo kàn fẹ́ gbèjà ẹ̀dà kẹrin, torí ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bú u.

Ẹ̀dà kẹta fi àwọn oṣó ṣe ọba. Tí ìtàn bá ti jìnnà, oníjà tó gbé idà dání á kàn dúró máa wòran ni, oṣó á parí ogun. Ẹ̀dà kẹrin ló wò ó pé kí gbogbo ẹni tó bá jókòó ní nǹkan gidi ṣe nígbà tó bá kàn án. Àwọn èèyàn ní ó jọ géèmù kọ̀ǹpútà, wọ́n sì pa á tì. Ẹ wá wo Pathfinder ẹ̀dà kejì tó jáde ní 2019, tí gbogbo yín ń yìn. Logan Bonner wà lára àwọn tó kọ ọ́, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà kẹrin ní Wizards. Ẹ fọwọ́ kan àwọn òfin rẹ̀, ẹ ó rí ojú ẹ̀dà kẹrin níbẹ̀. Ohun tí ẹ lé jáde láti ẹnu ọ̀nà iwájú ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà, ẹ sì ń fi ẹran bọ́ ọ.

Nítorí náà, tí a bá ń sọ pé Paizo dára, Wizards burú, mo máa ń bi ara mi pé àwọn wo gan-an là ń sọ? Àwọn tó ń kọ géèmù ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ilé méjèèjì.

AgbẹjọróKékeré

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yẹn díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà 2023 wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò dáàbò bo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe géèmù. Kí o ju dáìsì olójú ogún, kí o fi agbára rẹ kún un, kò sẹ́ni tó ni ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀, orúkọ, àwòrán, ìtàn, ìyẹn ló ní olówó. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, adájọ́ nìkan ló lè sọ ọ́, ẹjọ́ sì wọ́n. Ohun tí OGL ṣe fún àwọn kéékèèké ni pé ó fi ọkàn wọn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n lẹ́jọ́.

OGL 1.0a sọ pé àṣẹ náà wà títí lọ. Kò sọ pé a kò lè gbà á padà. Ẹ̀yin tí kì í ṣe lọ́yà lè ní ọ̀kan náà ni. Lójú òfin, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ibì kan tún wà nínú rẹ̀, ìpín kẹsàn-án, tó ní èèyàn lè lo ẹ̀dà èyíkéyìí tí wọ́n bá fọwọ́ sí nínú ìwé àṣẹ náà. Ibẹ̀ ni Wizards fẹ́ gbà wọlé: wọ́n fẹ́ kéde pé àwọn kò fọwọ́ sí 1.0a mọ́.

Ṣé kóòtù ì bá gbà fún wọn? Ọ̀rọ̀ náà kò dé iwájú adájọ́. Àmọ́ Ryan Dancey, tó ṣagbátẹrù OGL ní Wizards nígbà yẹn, jáde sọ ní 2023 pé kò sí lọ́kàn àwọn rárá pé kí ẹnikẹ́ni lè gbà á padà. Wizards fúnra wọn sì ti kọ ọ́ síta nígbà kan rí pé bí àwọn bá tún ìwé náà ṣe, èèyàn lè máa lo ti àtijọ́ lọ. Lójú tèmi, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ tó wá ń wá ihò inú gírámà kiri lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún ti mọ̀ pé òun ń yẹ àdéhùn.

Ògbójú20 (Ìbàdàn)

Ọ̀gá lọ́yà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ní Sátidé tí mi ò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Màmá, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa tábìlì yín. Ó dùn mí.

Arìnrìnàjòòru (Òṣogbo)

Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ PDF, èmi ò sì lè gbàgbé ẹ̀.

Ta ló ń ta ìwé géèmù yìí ní ìtòsí wa? Mo ti ra ìwé kan rí láti òkè òkun, owó tí wọ́n gbà láti fi ránṣẹ́ ju owó ìwé lọ, oṣù mẹ́ta ló sì fi wà lọ́nà. Nígbà tó dé, omi ti wọ̀ ọ́. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí mò ń gbé, PDF ni ìwé.

Ní oṣù kẹrin 2009, Wizards dá títa gbogbo PDF wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní àwọn olè ń jí i pín kiri. Ti òní, ti àná, ti 1980, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó kúrò lórí igbá. Ní ọdún yẹn kan náà, Paizo gbé ìwé Pathfinder jáde, ìwé tó ju ojú ewé 500 lọ, wọ́n ń ta PDF rẹ̀ ní dọ́là 10 ó dín sẹ́ǹtì kan. Ọdún 2013 ni Wizards tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta PDF àwọn ìwé àtijọ́. Ti ẹ̀dà karùn-ún ńkọ́? Títí di òní, wọn kì í ta PDF àwọn ìwé ńlá rẹ̀. Tí o kò bá fẹ́ ìwé títẹ̀, orí ìkànnì wọn, D&D Beyond ni wàá ti rà á, ibẹ̀ náà ni wàá sì ti máa kà á.

Àwọn ará Amẹ́ríkà lè máa jà lórí ìwé àṣẹ. Èmi, ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi ni mo mọ̀.

Bọ́sẹ̀_d12

Mo fẹ́ràn Pathfinder, mo ní ìwé rẹ̀ tó kún àpótí. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí.

Kí Paizo tó di akọni nínú ìjà OGL ní 2023, ẹ rántí 2021. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jáde sọ̀rọ̀ nípa owó tí kò tó àti bí àwọn ọ̀gá ṣe ń hùwà sí wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, United Paizo Workers. Àwọn òǹkọ̀wé tó ń bá Paizo ṣe iṣẹ́ àkànṣe, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù níbẹ̀, da iṣẹ́ sílẹ̀ láti tì wọ́n lẹ́yìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Paizo gbà láti bá ẹgbẹ́ náà dúnàádúrà láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ di ìdìbò.

Mo gbóríyìn fún wọn pé wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inúure ọ̀gá ló ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Wizards ní 2023: àwọn èèyàn ló fúngun mọ́ wọn kí wọ́n tó yí ọkàn padà lórí OGL. Ẹni tó bá ń sọ pé “Paizo wa” bí ẹni ń pe ọmọ bàbá rẹ̀, kó fi ọkàn sí ibí yìí.

Adéjọkẹ́

Ó yà mí lẹ́nu pé a ti sọ̀rọ̀ dé ibí, àwa ọmọ Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé báwo ni àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì ṣe ń ya ènìyàn dúdú sínú ìwé wọn. Lójú tèmi, ìyẹn ṣáájú owó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Paizo. Nínú ayé tí Pathfinder ń lò, ilẹ̀ kan wà tó dà bí Áfíríkà, Mwangi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, igbó tí àwọn àlejò ń wọ̀ lọ kó ìṣúra ni. Ẹ ka ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 2010, ojú ẹni tó wá láti ìta ni wọ́n fi ń wò ó: àìsàn, ẹranko, ahoro ìlú. Àwọn olólùfẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n tún sọ. Ní 2021, Paizo gbé ìwé tuntun jáde, *The Mwangi Expanse*, àwọn aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ lára àwọn tó kọ ọ́. Mo kà á ní alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ìlú wà níbẹ̀ tó ní ìjọba, tó ní ọjà, tó ní oúnjẹ tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ idán kan wà, Magaambya, nílùú Nantambu, tó jẹ́ pé ohun táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe ará ìlú lóore. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ìtàn gígùn kan jáde, *Strength of Thousands*, tí ẹ ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Kò sí àlejò tó wá kó ìṣúra nínú rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi, n kò ní parọ́.

Wizards ńkọ́? Ní 2017, wọ́n gbé ìtàn kan lọ sí Chult, ilẹ̀ igbó tiwọn tó jọ Áfíríkà. Wọ́n gbìyànjú díẹ̀, wọ́n fi àwọn ọmọ aládé oníṣòwò sí ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé aláwọ̀ dúdú sọ pé àṣà onírúurú ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n kàn dà pọ̀ sínú ìkòkò kan. Ní 2022 ni ti hadozee wá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dá tó jọ ọ̀bọ ni, nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún náà. Wọ́n kọ ọ́ pé oṣó kan kó wọn, ó fẹ́ sọ wọ́n di ẹrú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn oṣó náà ló sì tú wọn sílẹ̀. Wọ́n tún ya àwòrán ọ̀kan lára wọn tó dúró bí àwọn tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ máa ń kun ojú dúdú fún láti fi wa ṣẹ̀sín. Ẹ fojú inú wo bó ṣe rí fún ọmọ wa tó ra ìwé yẹn. Wizards tọrọ àforíjì ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ ṣì wà nílé àwọn èèyàn.

Ògbójú, tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Pathfinder, ẹ má lọ nítorí ìbínú. Ẹ lọ nítorí Magaambya.

Láńre_Houston

Ẹ̀gbọ́n Adéjọkẹ́, n kò lè jiyàn lórí hadozee. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n lórí OGL, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn náà dé òpin. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé owó tí wọ́n ń san lórí D&D Beyond. Wizards gbé OGL 1.2 jáde, wọ́n ní kí àwọn èèyàn sọ èrò wọn, ó lé ní 15,000 tó dáhùn. 88% ní àwọn kò ní fẹ́ tẹ ìwé jáde lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2023, kò tíì pé oṣù kan tí ọ̀rọ̀ jò síta, wọ́n jáde wá: 1.0a kò ní kú, wọ́n sì fi gbogbo egungun òfin ẹ̀dà karùn-ún sábẹ́ Creative Commons, ìwé àṣẹ gbogbogbòò tí àwọn fúnra wọn kò ní lè gbà padà láéláé. Ní 2025, wọ́n fi òfin ti ẹ̀dà 2024 náà síbẹ̀. Kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ẹni tó bá dá ohun tó jí padà, tó tún fi èlé lé e, ó yẹ ká dárí jì í.

AgbẹjọróKékeré

Láńre sòótọ́ lórí Creative Commons. Ọwọ́ wọn ti kúrò níbẹ̀. Tí oníbàárà mi kan bá fẹ́ kọ géèmù lónìí, màá sọ fún un pé kó má bẹ̀rù òfin ẹ̀dà karùn-ún.

ÌyáDáìsì (Lọ́ńdọ̀nù)

Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ló ń rùn mí nínú. Bí erin méjì bá ń jà, koríko là ń bi léèrè. Ní ọjọ́ 12 oṣù yẹn, Paizo kéde pé àwọn máa kọ ìwé àṣẹ mìíràn, ORC, tí kò ní sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, ọwọ́ lọ́yà ló máa wà. Kobold Press, Green Ronin àti Chaosium dúró tì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún ilé iṣẹ́ míì tó darapọ̀. Ti Chaosium ló wú mi lórí jù. Láti 1981 ni wọ́n ti ń tẹ *Call of Cthulhu* jáde lórí òfin tara wọn, D&D kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n gbé òfin wọn sábẹ́ ORC.

Paizo jèrè o, ẹ má jẹ́ ká fi pamọ́. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé ìwé tí àwọn rò pé á tó oṣù mẹ́jọ tà, ọ̀sẹ̀ méjì ló tán. Wọ́n sì san nǹkan kan. Láti ya ara wọn kúrò lára OGL pátápátá, wọ́n tún gbogbo ìwé wọn kọ, èyí àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá 2023. Owlbear lọ, béárì tó lórí òwìwí yẹn tí mo ti ń bá jà láti ìgbà èwe mi. Ìlànà tó ń pín gbogbo ẹ̀dá sí ẹni rere àti ẹni burúkú náà lọ. N kò ṣàárò ìyẹn rárá, mi ò mọ ẹ̀dá tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Láńre, mo ti dárí jì wọ́n. Ìwé 2024 wà lórí àga mi níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ́ gba ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kò ní gbin kòkó sí oko rẹ̀ mọ́. Ẹ̀fọ́ ni màá máa gbìn, tí mo lè tètè ká.

Ògbójú, má tíì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ra nǹkan kan. Gbogbo òfin Pathfinder wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Archives of Nethys, Paizo fọwọ́ sí i. Ẹ kà á ná, ẹ fi ṣe ìpàdé méjì, ẹ tó pinnu.

Ògbójú20 (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé, màmá. Mo ti pe DM wa lánàá, mo ní kó máà bínú sí bí mo ṣe pariwo. Òun náà ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí. Ó ní òun á ra ìwé D&D òun, nítorí pé òun fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì tún jiyàn. Àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Nethys, a sì máa fi *Strength of Thousands* bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìwé ìtàn náà nìkan la máa dáwó ra, ní PDF.

Ẹ̀gbọ́n Adéjọkẹ́, mo fẹ́ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan láti abúlé, ọmọ ahunṣọ, tó ń fi ewé wo àìsàn. Èwo nínú àwọn ẹ̀ka Magaambya ló yẹ kí n wọ̀?